Ṣé Nítorí Pé Yóò Tún Hù Ni A Ṣe Lè Jó O?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba Aṣẹ̀dá, Ọba tí ń jí ilẹ̀ lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti kú. Kí ìkẹ́ Rẹ̀ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti gbogbo àwọn sàhábé rẹ̀. 

Ìbéèrè kan ni a gbé wá fún yín nínú oṣù yìí. Kì í ṣe inú yàrá ni a ti rí i. Orí òkè ni ó ti bá wa, ní ibi tí ó jìnnà sí ilé, láti ọjọ́ náà ni a sì ti ń gbé e kiri. Bí ènìyàn bá ṣe ibi, tí Ọlọ́hun sì mú oore jáde láti inú ibi náà, ǹjẹ́ oore yẹn lè wẹ ọwọ́ ẹni tí ó ṣe ibi mọ́? Púpọ̀ nínú wa yóò yára dáhùn pé rárá. Ṣùgbọ́n ẹ ní sùúrù. Ojoojúmọ́ ni a ń hùwà bí ẹni pé bẹ́ẹ̀ ni ni ìdáhùn rẹ̀, a kò kàn fiyè sí i ni.

ÒKÈ TÍ INÁ JÓ

Ní oṣù September ọdún 2023, àwa mẹ́rin kan wà ní ìlú Cape Town, ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, fún ìpàdé àwọn ọ̀dọ́. Nígbà tí ìpàdé parí, ó ku ọjọ́ kan ṣoṣo kí a padà sílé. A bẹ bàbá tí ó gbà wá lálejò pé kí ó mú wa dé orí òkè ńlá tí wọ́n ń pè ní Table Mountain, èyí tí orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí tábìlì. Mùsùlùmí ọmọ bíbí ìlú náà ni bàbá yìí. Kí ó tó fẹ̀yìn tì, ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ lórí òkè yìí kan náà, iṣẹ́ gígé àwọn igi àjèjì kúrò níbẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n bí àgbẹ̀ ṣe ń mọ oko bàbá rẹ̀.

Òkè yìí ga ju 1,000 mítà lọ láti etí òkun. Igbó àpamọ́ ìjọba ni láti ọdún 1998: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dáko níbẹ̀, kò gbọdọ̀ dọdẹ, kò sì gbọdọ̀ já ewé lásán. Ní orí ilẹ̀ kékeré tí ó yọ sínú òkun yẹn nìkan, oríṣi ewéko tí ó wà níbẹ̀ lé ní 2,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sì sí níbòmíràn lórí ilẹ̀ ayé. Ní ọdún 2004 ni àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi tí ó jẹ́ ogún gbogbo ayé.

Ẹ má ṣe rò pé ìmọ̀ Òyìnbó nìkan ni ó gbọ́n irú ìdáàbòbò bẹ́ẹ̀. Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti sọ ìlú Mẹ̀dínà di ilẹ̀ ọ̀wọ̀ ní nǹkan bí 1,400 ọdún sẹ́yìn. Ó kọ̀ fún àwọn ènìyàn láti gé igi rẹ̀ tàbí kí wọ́n lé ẹran ìgbẹ́ rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí a rí àkọlé tí ó ní kí a má kúrò lójú ọ̀nà, kò yẹ kí ó ṣe àjèjì sí wa.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 18 oṣù April ọdún 2021, iná sọ ní ẹ̀gbẹ́ òkè yìí tí ó kọjú sí Yunifásítì ìlú Cape Town. Nǹkan bí 600 hẹ́kítà ni ó jó. Iná náà wọ inú yunifásítì, ó jó iyàrá ìkàwé Jagger tí wọ́n kó àwọn ìwé àti fíìmù nípa Áfíríkà sí. Ó jó ilé ìlọkà Mostert tí afẹ́fẹ́ ń yí, tí wọ́n kọ́ ní nǹkan bí ọdún 1796. Àwọn panápaná fara pa. Nǹkan bí 4,000 akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n kó kúrò ní ibùgbé wọn. Àwọn aláṣẹ igbó náà sọ nígbà náà pé ó dà bí ẹni pé iná tí ẹnì kan dá tí ó sì fi sílẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Wọ́n tún mú ọkùnrin kan lórí ẹ̀sùn pé ó ń dáná sí igbó. Ọ̀rọ̀ ilé ẹjọ́ kọ́ ni a wá sọ níhìn-ín. Ohun tí ó kàn wá ni pé, bí ẹnì kan bá fọwọ́ ara rẹ̀ dá irú iná bẹ́ẹ̀, báwo ni a ṣe máa wọn ohun tí ó ṣe?

INÁ TÍ ÒKÈ Ń RETÍ

A ti múra sílẹ̀ láti rí aṣálẹ̀. Kì í ṣe aṣálẹ̀ ni a bá. Lóòótọ́, egungun igi dúdú ṣì dúró káàkiri, ó dà bí ọwọ́ tí ó nà sókè. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ abẹ́ wọn ti yọ. Àwọn kan ń rú láti ìdí ara wọn tí ó jóná, òdòdó pupa àti ti aláwọ̀ ìyeyè wà láàárín òkúta, ẹyẹ sì ń dún. Ọ̀kan nínú wa ní, “Subuhaanallaahi,” gbogbo wa sì dákẹ́.

Bàbá wá là wá lóye. Irú ìgbẹ́ tí ó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní fynbos, ìgbẹ́ kúkúrú tí ewé rẹ̀ le, ń retí iná ni. Bí ọdún bá gorí ọdún tí iná kò dé ibẹ̀, àwọn igi rẹ̀ á gbó, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí kú láìní arọ́pò. Igi kan wà tí ń jẹ́ protea, òdòdó rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe àmì orílẹ̀-èdè náà. Àwọn irú protea kan máa ń pa èso wọn mọ́ sínú ilé líle lórí igi fún ọ̀pọ̀ ọdún. Iná ni yóò pa ìyá, tí yóò sì ṣí ilé náà. Èso á já bọ́ sórí eérú, òjò á rọ̀, ọmọ á hù.

Àwọn mìíràn fi ti wọn lé èèrà lọ́wọ́. Nǹkan kékeré bí ọ̀rá wà lára èso wọn tí èèrà fẹ́ràn. Èèrà á gbé e wọ inú ihò, á jẹ ọ̀rá náà, á sì fi èso sílẹ̀ lábẹ́ ilẹ̀ tí ọwọ́ iná kò lè tó o. Ní ọdún 1990, ní ọgbà ewéko Kirstenbosch tí ó wà ní ẹsẹ̀ òkè kan náà, àwọn onímọ̀ ṣàkíyèsí pé èéfín lásán tó láti jí àwọn èso kan tí ó ti sùn nínú ilẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Òdòdó lílì kan sì wà tó jẹ́ pé iná ni ń pè é jáde. Bí ìgbẹ́ bá jó lónìí, kí ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá dáadáa ó ti lè tanná láàárín eérú.

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé bí iná bá kú a fi eérú bojú, bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Lórí òkè yìí, inú eérú tí iná fi bojú ni ọmọ ti ń jáde. Ta ni ó tó ṣe èyí bí kò ṣe Ọlọ́hun?

Ibi tí a ti ń yìn Ọlọ́hun báyìí ni ọ̀kan nínú wa ti rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bó bá rí bẹ́ẹ̀, Bàbá, ẹni tí ó dá iná yẹn ti ṣe òkè yìí lóore nìyẹn.” Àwa yòókù rẹ́rìn-ín pẹ̀lú rẹ̀. Bàbá kò rẹ́rìn-ín, kò sì dáhùn. Ó ń lọ níwájú wa.

OHUN TÍ Ó WÀ LÁBẸ́ BÀTÀ

A dé ibì kan tí egungun protea kan tóbi, tí ó dúró gedegbe sí ojú ọ̀run. Ọ̀kan nínú wa fẹ́ ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó kúrò lójú ọ̀nà, ó rìn bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá wọ inú ìgbẹ́. Ẹnì kejì tẹ̀ lé e láti di fóònù mú. Àwa méjì tí ó kù dúró, a ń sọ fún wọn ibi tí ó yẹ kí wọ́n dúró sí kí òkun lè hàn lẹ́yìn wọn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi wá pé èwo nínú wa ni ó ṣe é. Gbogbo wa ni.

Bàbá yíjú padà. Kò pariwo. Ó ní, “Ọmọ mi, gbé ẹsẹ̀ rẹ sókè, kí o ka ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀.”

Arákùnrin wa gbé ẹsẹ̀. Ọmọ protea mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀, kò sí èyí tí ó ga tó ìka ọwọ́ méjì nínú wọn. Méjì ti ṣẹ́. Ojú tì í, ó sì sọ ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ì bá sọ: “Ẹ má bínú, Bàbá. Yóò tún hù.”

Bàbá bi í pé, “Ta ni ó sọ fún ọ?”

Ó wá ṣàlàyé fún wa. Gbogbo èso tí ìyá igi yìí ti ń kó pa mọ́ láti ọdún tí ó ti wà láyé ni ó tú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ tí iná pa á. Kò sí àká mìíràn. Àwọn ọmọ kéékèèké wọ̀nyí ni gbogbo ohun tí ó kù nínú ogún rẹ̀, wọ́n sì nílò ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó tanná, kí wọ́n tó so, kí wọ́n tó ní èso tí ó tó láti kó pa mọ́. Bí iná mìíràn bá dé kí ó tó di ìgbà náà, yóò bá ìyá tí ó ti kú àti ọmọ tí kò tíì bí. Ìran náà á parẹ́ ní ibẹ̀. Òjò yóò rọ̀, kò ní sí ẹni tí yóò hù.

Ó ní ìdí nìyẹn tí òun kò fi lè rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tí a sọ ṣáájú. Òkè nílò iná, ṣùgbọ́n ní àsìkò rẹ̀, nǹkan bí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún 10 sí 20. Ẹni tí ó ń ju ìṣáná kò béèrè lọ́wọ́ òkè bóyá àsìkò ti tó. Yàtọ̀ sí èyí, ènìyàn ti gbin igi páìnì tí wọ́n kó wá láti Yúróòpù àti igi yukalíptọ́ọ̀sì láti Ọsirélíà sí ibẹ̀. Àwọn wọ̀nyí máa ń mú kí iná gbóná ju èyí tí òkè mọ̀ lọ, títí yóò fi se èso tí èèrà fi pa mọ́ sínú ilẹ̀. Ìyẹn ni iṣẹ́ tí òun fi ọjọ́ ayé òun ṣe. Àti pé iná tí ó ń ṣí ilé èso protea ni ó jó ìwé tí kò ní ẹ̀dà mìíràn nínú iyàrá ìkàwé. Ìwé kì í hù.

ỌMỌ ÌYÁ ÀNÁBÌ YŪSUF

Láti ìgbà tí a ti padà dé ni a ti ń ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí, ibi tí a sì ti rí ìmọ́lẹ̀ jù ni inú ìtàn Ànábì Yūsuf, èyí tí gbogbo yín mọ̀. Àwọn ọmọ bàbá rẹ̀ jù ú sí kànga. Láti kànga ó di ẹrú, láti oko ẹrú ó di ẹlẹ́wọ̀n, láti ọgbà ẹ̀wọ̀n ó di ẹni tí ń ṣàkóso ilé ìṣúra Íjíbítì. Nígbà tí ìyàn sì mú, òun ni Ọlọ́hun lò láti bọ́ àwọn ènìyàn, títí kan àwọn tí wọ́n jù ú sí kànga.

Bí a bá fẹ́ wá ibi tí oore ti jáde láti inú ibi, a kò lè rí èyí tí ó tó bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ kí ni àwọn arákùnrin rẹ̀ sọ nígbà tí wọ́n dá a mọ̀? Wọn kò sọ pé, “Ṣé o rí i pé àwa ni a sọ ọ́ di ènìyàn ńlá?” Wọ́n jẹ́wọ́ pé àwọn ti ṣẹ̀. Yūsuf ni ó sọ̀rọ̀ nípa oore tí Ọlọ́hun ṣe fún òun. Òun náà ni ó dárí jì wọ́n.

Ẹ wo bí a ṣe pín ọ̀rọ̀ náà. Ẹni tí a ṣẹ̀ ni ó ni ọpẹ́. Ẹni tí ó ṣẹ̀ ni ó ni ìjẹ́wọ́. Bí ẹni tí ó ṣẹ̀ bá fẹ́ gba ọpẹ́ mọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ lọ́wọ́, olè ni ó tún jà lórí ẹ̀ṣẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tí iná jó lè wí pé, “Alhamudulilaahi, iná yẹn ti kọ́ mi ní ọgbọ́n.” Kò sí ẹnu tí ẹni tí ó dá iná lè fi sọ ọ́.

Bàbá fún wa ní àpẹẹrẹ tirẹ̀ láti inú ìtàn ìlú rẹ̀. Mọ́sálásí àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè náà, Mọ́sálásí Auwal ní àdúgbò Bo-Kaap, ni a dá sílẹ̀ ní ọdún 1794. Ìmáàmù àkọ́kọ́ rẹ̀ ni ẹni tí wọ́n ń pè ní Tuan Guru, ọmọ erékùṣù Tidore ní Indonésíà. Àwọn Òyìnbó Dutch ni wọ́n kó o wá sí ibẹ̀ ní ìgbèkùn ní ọdún 1780, wọ́n sì fi í sí àhámọ́ ní erékùṣù Robben. Ìtàn sọ pé láti inú orí rẹ̀ ni ó ti kọ Àlùkùránì sílẹ̀ níbẹ̀. Láti ọwọ́ irú àwọn ìgbèkùn àti ẹrú bẹ́ẹ̀ ni Islāmu fi ta gbòǹgbò ní Cape Town. Bàbá ní, “Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun lójoojúmọ́ pé a bí mi sínú ìsìn yìí. Mi ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ni ọkọ̀ ẹrú rí.”

ÀTAKÒ KAN

A mọ̀ pé ẹnìkan nínú yín yóò sọ pé, “Khidr ńkọ́?” Ìbéèrè tí ó dára ni. Nínú Sūratul-Kahfi, Khidr da ọkọ̀ ojú omi àwọn aláìní lu, Ànábì Mūsā sì bínú. Ìgbẹ̀yìn ni ó tó yé e pé ọba kan ń bọ̀ lẹ́yìn tí ń fipá gba gbogbo ọkọ̀ tí ó dára. Níhìn-ín, oore tí ó wà nínú ìbàjẹ́ náà ni ó dá a láre. Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni?

Kì í ṣe ohun kan náà. Khidr sọ fúnra rẹ̀ pé òun kò ṣe é láti inú ìfẹ́ ọkàn òun. Ọlọ́hun ni ó fi ìmọ̀ ohun tí ó pamọ́ hàn án, tí ó sì pa á láṣẹ. Nínú wa, ta ni a fi irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ fún? Ẹni tí ó dá iná sí òkè kò mọ iye ọdún tí protea fi kó èso jọ. Ẹni tí ó tẹ ọmọ igi mọ́lẹ̀ kò mọ̀ pé àká ti ṣófo. Lẹ́yìn tí a ti ṣe é tán ni a ń wá oore kiri láti fi bo ara wa. Khidr mọ̀ kí ó tó ṣe. Àwa ń ṣe kí a tó mọ̀. Àní Ànábì kan nínú àwọn tí ó ti kọjá, gẹ́gẹ́ bí hadīsi ṣe sọ, nígbà tí èèrà kan bù ú jẹ, tí ó sì ní kí wọ́n jó gbogbo ilé wọn, Ọlọ́hun bá a wí nítorí ìjọ odidi kan tí ń ṣe àfọ̀mọ́ Rẹ̀. Bí a bá bá Ànábì wí lórí iná èèrà, kí ni kí àwa wí?

INÁ INÚ ILÉ TIWA

Ẹ̀yin ará wa, kí ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkè ìlú òkèèrè ni. “Yóò tún hù” wà lẹ́nu wa níhìn-ín.

Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ẹni tí ń wá ọ̀yà á ti iná bọ ìgbẹ́, iná á wọ oko kòkó ẹni ẹlẹ́ni. Ó ní ilẹ̀ á lọ́ràá, ewé tuntun á yọ. Ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́ á lu ọmọ iṣẹ́ títí á fi dá ọgbẹ́ sí i lára, á ní ìyà tí ọ̀gá tòun náà fi jẹ òun ni ó sọ òun di ènìyàn. Ó ṣeé ṣe kí ó ti di ènìyàn lóòótọ́. Ọlọ́hun ni ó mú un hù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni wọ́n jọ wà lọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn tí wọn kò hù mọ́, a kò sì rí wọn kí a bi wọ́n, nítorí ẹni tí ó parẹ́ kì í jẹ́rìí.

Nínú ẹgbẹ́ tiwa pàápàá ńkọ́? A ti rí i kí wọ́n sọ̀rọ̀ ẹ̀yìn arábìnrin kan títí kò fi lè wá sí àsálàátù mọ́. Lẹ́yìn ọdún méjì ó padà, ìgbàgbọ́ rẹ̀ sì ti jinlẹ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Ni àwọn tí wọ́n sọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ń wí pé, “Ṣé ẹ rí i, àdánwò yẹn ti mú un dàgbà.” Ẹnì kankan nínú wọn kò tíì lọ bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń fi òdòdó orí eérú ṣe ẹlẹ́rìí fún ẹni tí ó ju ìṣáná.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tí iná jó ni ó ní àká èso. Bí ó bá sì ní i, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó lè tú u sílẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sínú ẹ̀sìn, tí a tún ń fi ohun tí ó ti ṣe rí bú u, iná kejì ni a ń dá sí i kí ó tó so. Bí a bá gé igi nínú igbó, kí a fi ọ̀rọ̀ ro ara wa wò.

KÍ NI KÍ A ṢE?

Ohun àkọ́kọ́ ni kí a máa pe iná wa ní iná. Kádàrà Ọlọ́hun kì í ṣe aṣọ tí a ń dá fún ẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Òdodo ni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ tí Ọlọ́hun kò mọ̀. Òdodo sì ni pé ìka tí ó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé.

Èkejì ni kí túúbá wa pé. Àwọn onímímọ̀ ti kọ́ wa pé kí a fi ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀, kí a kábàámọ̀ rẹ̀, kí a pinnu pé a kò ní padà sí i. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ẹ̀tọ́ ènìyàn ni a jẹ, a gbọ́dọ̀ dá a padà tàbí kí a tọrọ àforíjìn lọ́wọ́ rẹ̀. Pé ara ẹni náà ti dá kò mú gbèsè kúrò lọ́rùn wa. Bí òkè bá tilẹ̀ ti tutù yọ̀yọ̀, ẹni tí ó jó o ṣì jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Ẹ̀kẹta ni ti ìbẹ̀wò. Ó dára kí a lọ wo ibi tí ó ń sàn, ìbáà jẹ́ òkè, ìbáà jẹ́ ènìyàn, nítorí àmì àánú Ọlọ́hun wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ẹ̀kọ́ tí a kọ́ wa nípa bíbẹ aláìsàn wò: kí a má pẹ́ jù, kí a má sọ̀rọ̀ jù, kí a ṣe àdúà fún un, kí a dìde. A kì í fọwọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ láti mọ̀ bóyá ó ti ń jinná. Ẹni tí ó bá gbà lóòótọ́ pé ohun kan ń bọ̀ sípò, ibi tí yóò gbẹ́sẹ̀ lé ni a ó ti mọ̀.

Ní ọjọ́ náà, Bàbá kò jẹ́ kí àwọn méjèèjì rìn padà bó ṣe wù wọ́n. Ó ní kí wọ́n wá ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n gbà wọlé, kí wọ́n máa tẹ ibẹ̀ náà jáde, kí ẹsẹ̀ má baà tún pa òmíràn. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ni, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí wọ́n dé, àkókò ìrun Alàásárì ti tó. Orí òkúta pẹrẹsẹ kan lójú ọ̀nà ni a ti kírun, Bàbá ni ó ṣe ìmáàmù wa. Nígbà tí a fi orí kanlẹ̀, òórùn iná àtijọ́ ṣì wà nínú ilẹ̀ náà, òórùn ewé tútù sì wà pẹ̀lú rẹ̀.

Kí Ọlọ́hun forí àwọn iná tí a ti dá jì wá, èyí tí a mọ̀ àti èyí tí a kò mọ̀. Kí Ó fún wa ní ìgboyà láti lọ bá àwọn tí a ṣẹ̀. Kí Ó mú gbogbo ẹni tí iná ti jó nínú wa hù padà, kí Ó má sì jẹ́ kí ẹsẹ̀ wa pa ohun tí Ó ń jí dìde. Āmīn.